Awọ Ẹfọ̀n

Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rù ú kiri: bí òǹkọ̀wé bá dá ẹ̀dá kan sínú ìwé, tí ó sì pàṣẹ pé kí ẹ̀dá náà fẹ́ràn ẹlòmíràn, ǹjẹ́ a lè pe ohun tí ó wà láàárín wọn ní ìfẹ́? Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìyí, kò kan ẹni tí ó kàn fẹ́ sọ ìtàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí ìtàn tí mo ń kọ dá mi dúró lọ́nà.

Ìtàn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ni ó ti ṣẹlẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Mo gbé e kalẹ̀ sí pápá Òkè-Ògùn, láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, níbi tí igi òrí àti irúgbá ti ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín koríko. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣakí rọ róbọ́ọ̀tì tí ó dà bí obìnrin. Oòrùn ni ó ń fún un lágbára; ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ohun tí a fi ń pa á wà. Kí n tó kọ gbólóhùn kan, mo kọ́kọ́ to òfin ayé náà sílẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ èyí. Ahunṣọ a ta òwú gígùn sílẹ̀ kí ó tó jókòó sídìí òfì. Bí ó bá ti ń hun, kò lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Òwú tí ń gba àárín kọjá nìkan ni ó kù tí ó lè fi dárà. Mo ní òfin sáyẹ́ǹsì ni òwú gígùn mi, ìfẹ́ ni yóò gba àárín rẹ̀ kọjá.

Mo ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ mi, obìnrin inú ìwé rẹ yìí, bí ó bá bínú ńkọ́? Ṣé ó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá, kò ní ilé bàbá kankan. Ọkọ rẹ̀ ni ó rọ ọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A jẹ́ pé ọkọ́ ni ó rọ, kò rọ ìyàwó."

Ó wá rán mi létí ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Ọdẹ kan wà lórí igi, ó rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ rẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gbọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà gbé, ó fi í pamọ́ sínú àká, ó sì fi obìnrin náà ṣe aya. Ó bímọ fún un. Ní ọjọ́ tí àṣírí tú, tí àwọn orogún fi í ṣẹ̀sín, ó wá awọ rẹ̀ kàn, ó gbé e wọ̀, ó sì padà sí igbó. Ọ̀pọ̀ a máa sọ pé àìlè-pa-àṣírí-mọ́ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ọdẹ ti fi awọ pamọ́ ni ó ti ba ìfẹ́ jẹ́, nítorí láti ọjọ́ náà ni kò ti lè mọ̀ bóyá ó wù ú láti dúró ni tàbí kò rí ọ̀nà lọ.

Àwọn tí ó kọ irú ìtàn yìí ní ilẹ̀ òkèèrè kò rí ìbéèrè náà yẹ̀ sílẹ̀. Nínú Frankenstein, tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní 1818, ẹ̀dá tí Victor dá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá aya fún òun. Victor bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ̀rù sì bà á: obìnrin yìí lè kọ àdéhùn tí a ṣe kí a tó dá a. Ó fà á ya kí ó tó lè mí. Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ni ó fún ayé ní ọ̀rọ̀ náà róbọ́ọ̀tì nínú eré R.U.R. ní 1920, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe ni a ti mú un. Ní ìparí eré náà, a fẹ́ tú ọ̀kan nínú róbọ́ọ̀tì méjì palẹ̀ fún ìwádìí. Olúkúlùkù kọ̀, ó ní kí a mú òun dípò èkejì. Níbi tí wọ́n ti kọ̀ ni a ti mọ̀ pé wọ́n ní ìfẹ́.

Ti Tade Thompson tún wá jìn sí i. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó gbé Rosewater kà, ìwé tí ó jáde ní 2016 tí ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Kaaro lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn, ó sì fẹ́ràn Aminat. Bí ẹnìkan bá lè ṣí ọkàn rẹ bí ẹni ṣí àpótí, awọ wo ni ó kù tí í ṣe tìrẹ?

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí ìwọ òǹkọ̀wé ni o ń darí gbogbo wọn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá ìtàn tí a kò rò ó wò rí pé ó lè kọ̀, ère ni. Adébáyọ̀ Fálétí mọ èyí nígbà tí ó kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ní 1969, lórí ìjàngbara àwọn ará Òkè-Ògùn yìí kan náà: kíkọ̀ ni ó sọ Àjàyí di ènìyàn lójú wa.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ìdí tí mo fi rọ obìnrin mi bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ìfẹ́ tí kò ní í já mi kulẹ̀. Kì í sì í ṣe inú ìwé nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ilé pọ̀ tí a fi owó orí, tàbí ọmọ, tàbí ìtìjú ṣe àká, tí a sì ń pe ẹni tí kò lè jáde ní aya rere.

Mo padà sídìí ìwé náà. Mo gba ohun ìpanirọ́ náà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, mo fi í lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ní orí kẹrin, ó jáde kúrò ní Ṣakí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìparí tí mo ti pèsè sílẹ̀ bàjẹ́, odindi oṣù mẹ́ta iṣẹ́ sì bá a lọ. Alágbẹ̀dẹ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi pẹ̀lú ń dúró. Bí ó bá padà wá, a ó mọ̀ pé ó wù ú ni.