Ariwo Ni Tàbí Ìdáhùn?

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2019, ẹgbẹ́ olórin kan tí a ń pè ní Handel and Haydn Society, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1815, ń ṣeré ní gbọ̀ngàn Symphony Hall ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Orin arò kan ni wọ́n ń lù, èyí tí Mozart kọ ní ọdún 1785 láti fi ṣe ìrántí àwọn méjì tó kú nínú ẹgbẹ́ Mason tí òun náà wà. Orin náà kò gùn. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń wọ́ lọ bí ẹni tó ń tẹ̀ lé òkú lọ sí ibojì, ṣùgbọ́n ní ìparí rẹ̀ gan-an, ìbànújẹ́ náà tú ká, ohùn ìkẹyìn sì tutù bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Kí ohùn náà tó parẹ́ tán, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ké láti àárín èrò pé: “Wáò!”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ wá ọmọ náà títí wọ́n fi rí i, kì í ṣe láti bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ni irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ènìyàn wúkọ́, ká má tíì sọ pé kí ó ké. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣé ọmọ náà ṣẹ̀ ni, tí a kàn fojú fò ó dá nítorí pé ọmọdé ni, àbí kò ṣẹ̀ rárá?

Ẹjọ́ àwọn tí yóò sọ pé ó ṣẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ yẹpẹrẹ. Irú orin yìí kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn gòjé lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo bébà lásán á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó tì ọ́ san owó bí ìwọ náà ti san án. Ṣùgbọ́n òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kò bá orin náà wáyé. Ní oṣù keje ọdún 1778, Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti ìlú Paris, ó ń fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn bí àwọn olùgbọ́ ti pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin rẹ̀ tuntun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kò bínú, ó ti mọ ibi tí wọn yóò ti pàtẹ́wọ́ nígbà tó ń kọ ọ́. Ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ di òfin díẹ̀díẹ̀. (Ní tiwa, onílù dùndún tó bá lu oríkì ènìyàn, tí onítọ̀hún kò mi orí, tí kò ki ọwọ́ bọ àpò, yóò rò pé òun ṣì í lù ni.)

Lójú tèmi, ariwo yàtọ̀ sí ìdáhùn. Ibòmíràn ni ariwo ti ń wá. Ìdáhùn ń jáde láti inú ohun tí a ń gbọ́ gan-an. Ọmọ tí ebi ń pa tó ń sunkún níbi orin ń pariwo, kí ìyá rẹ̀ gbé e jáde. Ti ọmọ Boston kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé bí àgbàlagbà bá ké “Wáò” níbi kan náà ńkọ́? Mo gbà pé ara wa kò ní gbà á. A ó ní ó fẹ́ kí a mọ̀ pé òun mọ orin gbọ́ ni. Bóyá a ó sì ṣe àìdára sí i, nítorí a kò rí inú rẹ̀. Kì í ṣe igbe náà ni à ń dá lẹ́jọ́ nígbà náà, èrò tí a fura sí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí gbogbo èrò bá sì lọ kọ́ bí a ti ń ké “Wáò” ní ìparí orin, òfin mìíràn dé nìyẹn.

Ohun tí èmi fúnra mi ṣe ni kò jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí a lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, mo ń ka oríkì Oníkòyí fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Lójijì, ọmọbìnrin kan dìde fùú, ó ké pé: “Ti ilé wa nìyẹn!” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tó wá yẹ iṣẹ́ mi wò jókòó sẹ́yìn, ó mú gègé lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo sọ fún ara mi nígbà náà pé ètò kíláàsì ni mo ń gbà là, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ pé kíláàsì tí olúkúlùkù ti ń ké nígbà tó wù ú kò ṣeé kọ́. Ṣùgbọ́n máàkì mi ni mo ń bẹ̀rù. Nítorí kí ọmọ Oníkòyí lè dìde bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ki oríkì náà.

Máàkì tí mo gbà dára. Ní ọjọ́ tí a ó padà sí kọ́lẹ́jì, mo tún ka oríkì náà, mo sì dúró díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi tó ti ké lọ́jọ́sí. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹnìkan. Ó tún tẹ orí ba.