Ta Ni Ẹyin Tọ́ Sí?

Bí a bá ń ti Bohicon bọ̀ lójú títì tí ó lọ sí Parakou, a ó kan Paouignan kí a tó dé Dassa-Zoumè. Lórí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni a ti ń rí ohun tí ilẹ̀ àti ọwọ́ àwọn obìnrin agbègbè òkè wọ̀nyí ń mú jáde: gàrí, iṣu, ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹyin.

Ohun kan ń kọ wá lóminú nínú ọjà yìí. Ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ẹyin ń bá èrò ọkọ̀ lọ; ní ọ̀pọ̀ ilé, gàrí ni ó ń kù fún ọmọ. A kò dá ìyá tí ó ń tà lẹ́bi, nítorí inú igbá yẹn náà ni owó ilé-ìwé àti owó oògùn ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rẹ gàrí mu tí ó sì lọ sùn, ó yó ni, kò tíì jẹun. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi gàrí la òpin oṣù já, ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Àwọn baba wa wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní ebi? Ní 1935, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí a bí ní Jamaica tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Accra, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ń mú kí ara ọmọ wú, tí irun rẹ̀ sì ń pọ́n. Kò wá orúkọ òyìnbó fún un. Orúkọ tí àwọn ìyá Gã ń pè é ni ó lò, kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé àbúrò ti dé. Oúnjẹ àgbàdo ni àwọn ọmọ náà ń jẹ. Ikùn wọn kò ṣófo; èròjà amúaradàgbà ni wọn kò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gàrí rí: 100 gíráàmù rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 1 tàbí 2 èròjà yìí lọ, nígbà tí ìwọ̀n kan náà ẹ̀pà ní bíi 25, tí ẹ̀wà gbígbẹ sì ní ju 20 lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe títà nìkan ni a ní láti yẹ̀ wò, bí kò ṣe pípín pẹ̀lú. Wọ́n tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè, àti pé ẹran, ti àgbà ni. A kò fẹ́ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí adìẹ kò pọ̀, ẹyin tí a jẹ lónìí ni adìẹ tí a pàdánù lọ́la. Èèwọ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ àká. Ó sì kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyin kan náà ń lọ sí Cotonou nínú ọkọ̀, kí ni kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣọ́?

Ó dà bí ẹni pé a ti da nǹkan méjì pọ̀: ipò àti ìpín. Kí a kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún bàbá, ọ̀wọ̀ ni, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n pé a kọ́kọ́ bù fún un kò sọ pé tirẹ̀ ni gbogbo ẹran inú ìkòkò. Egungun rẹ̀ ti gbó. Ti ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ni.

Àwọn kan yóò ní ilé-ìwé ti ń bọ́ àwọn ọmọ. Lóòótọ́, ní 2017 ni ìjọba Benin gbé ètò kàńtíìnì lé PAM lọ́wọ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kò tíì tó ilé-ìwé í lọ. Awo ilé nìkan ni ó ní.

Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni má tajà. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìyá yọ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan àti ẹyin kan sọ́tọ̀ kí ó tó gbé àtẹ jáde, àti pé bí bàbá bá bá a nínú awo ọmọ, kí ó má bèèrè ìdí rẹ̀.