Ìdí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń mu sìgá oníbátìrì

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Sakramẹ́ǹtì Ìrìbọmi,

Kò sí ọ̀kan nínú Òfin Mẹ́wàá tí ó dárúkọ sìgá. Nítorí náà, àwọn kan nínú yín lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìrìbọmi. Ó kàn án. Ẹ jẹ́ kí a wo irú sìgá kan tí kò ní iná, tí kò sì ní eérú. Bátìrì inú rẹ̀ ni ó ń mú omi kan gbóná títí yóò fi di èéfín. Nikotíìnì, ìyẹn oró inú ewé tábà tí ń so ènìyàn mọ́ sìgá, sábà máa ń wà nínú omi náà.

Hon Lik, apòògùn ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ni ó ṣe irú rẹ̀ jáde ní 2003. Amusìgá ni òun fúnra rẹ̀. Baba rẹ̀ náà mu sìgá, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì pa á. Ọ̀nà àtijáde ni ọkùnrin yìí ń wá. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà tí ó là fún ẹni tí ó fẹ́ jáde ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mu sìgá rí ń gbà wọlé.

Kí ló fà á? Ní 2016, ní Amẹ́ríkà, a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti lisé tí wọ́n ti mu ún rí léèrè. Nínú 100, 39 dáhùn pé ọ̀rẹ́ tàbí ará ilé àwọn ni ó ń mu ún. 31 ní adùn rẹ̀ ni, bíi ti míǹtì, èso tàbí ṣokoláàtì. 17 ní kò léwu tó sìgá yòókù. Ẹ kíyèsí ìdáhùn àkọ́kọ́ dáadáa. (Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá àwọn ọmọ yín ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ pé a pe “ará ilé”.) Ọmọ náà fẹ́ wà láàrin ẹgbẹ́, kò fẹ́ dá dúró. Ìfẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ni ó fi í sínú wa, òun náà ni ó sì jẹ́ kí Ó máa pè wá sínú Ìjọ, tí kò fi olúkúlùkù sílẹ̀ sínú iyàrá tirẹ̀.

Ní ti ewu, òtítọ́ ni pé májèlé inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti sìgá tí a ń finá sí. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ènìyàn kò gbó tán títí di bíi ọmọ ọdún 25, nikotíìnì a sì tètè de ọ̀dọ́. Ẹni tí ó rò pé òun ń ṣeré kò ní pẹ́ rí i pé òun kò lè jókòó parí ẹ̀kọ́ kan láìjẹ́ pé òun jáde lọ fà á.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìgbàgbọ́ wa. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé ohun kan lè jẹ́ èyí tí a gbà láàyè, síbẹ̀ kí a má jẹ́ kí ó jọba lórí wa (1 Kọ 6, 12). Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì, ní nọ́ńbà 2290, ka àṣejù tábà mọ́ ohun tí ìwà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ń kọ̀. Ní òru Àjíǹde, a ó bi yín bí ẹ bá kọ Sátánì sílẹ̀, ẹ ó sì fi ẹnu ara yín dáhùn. Ẹnu tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ó yẹ kí ó lè sọ “rárá” fún ọ̀rẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì.

Bí ẹnìkan nínú yín bá ti wà nínú rẹ̀, kí ó má ṣe fi ara pamọ́, kí ó má sì tìtorí ìtìjú sá fún ẹ̀kọ́. Kí ó wá bá katikísì rẹ̀ tàbí fadá ní ìkọ̀kọ̀ kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà pẹ̀lú, nítorí ara tí nikotíìnì ti dè nílò ìtọ́jú.