Ta Ló Mọ Ara Ju Alára Lọ?

Ní ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 1,000 ẹni tó ní ikọ́ fée tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sórí inhaler, ike oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Bí onítọ̀hún bá ti fín oògùn sẹ́nu, ẹ̀rọ náà á ṣàkọsílẹ̀ àkókò àti ibi tó ti fín in, á sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ṣé ẹ̀rọ wá lè mọ ara ju alára lọ ni?

Nígbà mìíràn, ó lè mọ̀ ọ́n. Àwọn kan wà tí ọ̀nà èémí wọn á ti máa fún pọ̀ tí wọn ò ní fura rárá. Ara wọn le lójú tiwọn, ni wọ́n bá pa oògùn àràárọ̀ tì. Irú wọn nílò ẹni tí yóò pè wọ́n sí àkíyèsí, ì báà jẹ́ fóònù.

Ṣùgbọ́n fóònù tó kà á pé ẹnì kan fín oògùn nígbà mẹ́ta lóru àná kò mọ̀ bóyá èéfín ló fà á, tàbí òtútù, tàbí ìjà ilé. Alára ló lè sọ ìyẹn fún dókítà. Ohun tó ń kọni lóminú jù ni pé ẹni tó jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí èémí ti há òun ti jẹ́ kí wọ́n mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.