Àpótí Tí Kò Lè Dìde

Nígbà tí mo ń gbé yàrá ẹ̀yìn kan ní Ìbàdàn, àjà rẹ̀ kò ga rárá. Bí èèyàn gíga bá nawọ́ sókè, ìka rẹ̀ á kan pákó. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínǹṣì 6 ni láti ilẹ̀ dé òkè. Inú yàrá yìí ni mo ti pinnu pé màá máa gbọ́ gìtá béèsì inú àwo Ebenezer Obey bí ẹni tó jókòó ti ẹni tó ń ta á.

Sípíkà oníhóònù ni mo fẹ́. Ẹni tó bá ti rí kàkàkí rí ti mọ ọgbọ́n rẹ̀: ẹnu tóóró níbi tí wọ́n ti ń fọn ọ́n, ẹnu gbàgàdà níbi tí ohùn ti ń jáde. Ṣùgbọ́n béèsì kì í ṣe ẹgbẹ́ kàkàkí. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn sì ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,130 láàárín àkókò kan náà. Bí o bá fi 41 pín 1,130, wàá rí i pé ìgbì kan ṣoṣo gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 27 lọ. Hóònù tó máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kò lè jẹ́ kékeré. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń ṣẹ́ ọ̀nà ohùn po sínú àpótí, bí ìfun ṣe ká sínú ikùn.

Mo ya tèmi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 7, ìdí rẹ̀ 3 sí 3. Mo tilẹ̀ ṣe ọgbọ́n kan tí mo fi ń yangàn. Mo wọn ẹnu ọ̀nà, mo rí i pé kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, mo bá ní kí Àlàájì káfíńtà kó pílàìwúùdù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé, kí ó kàn án níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni a fi jẹ ẹ̀bà tó ní ìyẹ̀fun pákó nínú. Ilẹ̀ ni àpótí náà dùbúlẹ̀ sí, Àlàájì sì ń po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun ayùn, ó ń fi dí gbogbo ojú oríkèé, nítorí mo ti sọ fún un pé ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ bá rí sá gbà, béèsì máa bá a lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èèyàn mẹ́rin dì í mú láti gbé e nàró. Ó gbéra, ó dé ìdajì, ó lọ díẹ̀ sí i, ó sì dúró gbọn-in.

Ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. "Ọ̀gá, ó ti fi igun gbá àjà."

Gbogbo wa wòkè. Bí àpótí bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ó sì fẹ̀ ní 3, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i á ju ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínǹṣì 7 lọ. Ní ìdùbúlẹ̀, yàrá gbà á. Ní ìdúró, ínǹṣì 6 á ṣẹ́kù lókè. Àárín ìdùbúlẹ̀ àti ìdúró ni kò sí ọ̀nà. A yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹsẹ̀ bàtà 3 náà ni.

"Bàbá Táyé," ni Àlàájì wí, kò sì wojú mi, "ṣé ká ṣí àjà ni?" Bàbá onílé tó ti gbọ́ ariwo yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àjà, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ti tó ìdáhùn.

Ayùn la fi gé e sí méjì, tí a sì tò ó lórí ara wọn. Èmi ni mo fi ipá mú wọn ṣe é. Àlàájì ní ká tú u ká tún un kàn. Láti ọjọ́ náà, bí orin bá ti wọlẹ̀, ojú ibi tí a gé yẹn á máa súfèé. Bí mo bá gbé ọwọ́ síbẹ̀, mo ń rí atẹ́gùn gbà. Béèsì tí mo náwó lé lórí ni atẹ́gùn yẹn.

Wàhálà kejì kò kan ayùn. Bí mo bá jókòó sórí àga, apá kan nínú béèsì á dàwátì. Ìyàwó mi tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lórí ẹní á sì ní kí n yí i wálẹ̀, ó ti ń di òun létí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi orí ara mi lélẹ̀. Láàárín ilẹ̀ àti àjà tó jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ààbọ̀, ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú àáyá á máa lọ, á máa bọ̀. Á le lẹ́bàá ilẹ̀, á le lẹ́bàá àjà, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní àárín. Àárín yẹn gan-an ni etí ẹni tó jókòó sórí àga wà. Àpótí tó ga kò lè tú ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí n ti yẹ̀ wò kí n tó ra pákó ni iṣẹ́ Paul Klipsch, ará Amẹ́ríkà tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Hope, ní Arkansas, ní 1946. Klipschorn tí ó ṣe kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Igun yàrá ló máa ń jókòó sí, ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ á sì di ìyókù hóònù náà. Bíríkìlà ti kọ́ apá tó fẹ̀ jù sílẹ̀, èmi wá ń ná owó láti tún un kọ́.

Èyí tí Àlàájì kàn fún mi lẹ́yìn náà kò dé àyà mi. Ó wà ní igun, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Kò sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ìgbà 41 yẹn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá dé, ó dé e láìsúfèé.

Bí ìwọ náà bá fẹ́ kan tìrẹ, wá páálí fìríìjì kan. Gé e ní ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, fi etí rẹ̀ tó gùn lé ilẹ̀ nínú yàrá, má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí o sì gbé e dìde díẹ̀díẹ̀ títí á fi nàró. Bí ó bá kan àjà, páálí lo máa gé.