Ohùn Tí Ó Ti Gbó: Ǹjẹ́ Ó Ṣì Ní Àyè Láàrin Akọrin?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí a jọ rò ní àkókò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni ju èyí tí a ń sọ ní gbangba lọ. Òun ni pé, nígbà tí ohùn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá ti gbó, tàbí tí ohùn arábìnrin kan kò bá wọ ti àwọn yòókù, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a sọ fún un pé kí ó lọ jókòó?

Ìbéèrè yìí máa ń yọjú ní ìjọ púpọ̀ ní agbègbè wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, láti Ìfàkì dé Orin àti Ìdó. Bí ìdúpẹ́ ìkórè bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìdíje orin láàrin àwọn ìjọ bá ń bọ̀, a óò gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, “Bí Màmá báyìí bá dúró sí iwájú, orin yìí kò ní dùn.” Àwọn mìíràn a sì dáhùn pé, “Ta ni ó bí ẹni tí yóò lé Màmá?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Kò yẹ kí ó parí síbẹ̀, nítorí ìhà méjèèjì ni ó ní ohun tí ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ́ akọrin wa jẹ́. Kò sí ẹni tí ń san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, aránṣọ, nọ́ọ̀sì, tíṣà, àti ìyá àgbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó ti oko dé yóò wẹ̀, yóò sì wá sí ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́. Bí òkú bá kú, àwọn ni yóò kọrin ní àìsùn. Bí a bá bímọ, àwọn ni yóò kọrin níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn àgbà wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Síbẹ̀, a mọ ẹgbẹ́ akọrin tí àwọn obìnrin inú wọn ti jọ ń kọrin ju ogún ọdún lọ. Wọ́n ti bá ara wọn sin òbí, wọ́n ti bá ara wọn gbé ọmọ ní ìyàwó, wọ́n sì ti parí ìjà láàrin ara wọn nítorí pé ọjọ́ ìdánrawò pé, orin sì gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ fún ẹnìkan pé kí ó kúrò nínú akọrin, ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju orin lọ. Àwọn ará rẹ̀ ni a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí á yan ohùn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run kò fẹ́ àbùkù. Wọ́n tọ́ka sí 1 Kíróníkà 15:22, níbi tí a ti rí i pé a fi Kenanáyà ṣe olórí orin nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n tọ́ka sí Málákì orí kìn-ín-ní, níbi tí Olúwa ti bá àwọn tí ń mú ẹran arọ àti ẹran afọ́jú wá sí pẹpẹ wí. Wọ́n ní bí a kò bá lè fi iyán tí ó ní kókó síwájú àlejò, báwo ni a ó ṣe gbé orin tí ó ní kókó síwájú Ọba àwọn ọba? Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín pa á.

Ó yẹ kí a wo Málákì dáradára. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn náà? Ẹsẹ kẹrìnlá jẹ́ kí ó yé wa. Ẹni tí a bá wí níbẹ̀ ni ẹni tí ó ní akọ ẹran dáradára nínú agbo rẹ̀, tí ó fi í pamọ́ sílé, tí ó sì mú èyí tí ó ní àbùkù wá fún Olúwa. Kì í ṣe ẹni tí kò ní òmíràn. Òfin Mósè fúnra rẹ̀ ti ṣe ètò fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ọ̀dọ́-àgùntàn: ẹyẹlé méjì tó. Ẹ sì rántí pé irú ọrẹ tí Jósẹ́fù àti Màríà ìyá Olúwa wa mú lọ sí tẹ́ḿpìlì nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á ní Lúùkù orí kejì. Kò sí àlùfáà tí ó sọ fún Màríà pé ẹyẹlé rẹ̀ yóò ba ẹwà pẹpẹ jẹ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó ń mú ẹran arọ wá nínú ẹgbẹ́ akọrin? Ṣé ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kì í pa ìdánrawò kan jẹ, tí ó ń fi gbogbo ohun tí ó kù lára rẹ̀ kọrin? Tàbí arábìnrin tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, tí kì í wá sí ìdánrawò, tí ó ń dé ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè pẹ̀lú gèlè tuntun, tí a sì ń sáré fi í sí iwájú? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ẹni kejì yìí ni a máa ń gbójú fò, ẹni àkọ́kọ́ ni a máa ń wá ọ̀nà láti mú jókòó. Bí Málákì bá wọ inú ìjọ wa lónìí, a kò rò pé ìyá àgbà ni yóò bá wí.

Ẹ tún wo 1 Kíróníkà 25. Ní ẹsẹ keje, iye àwọn akọrin tí ó mọ orin jẹ́ 288. Àwọn tí ń fẹ́ yíyan ohùn máa ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹjọ sọ pé kèké ni wọ́n fi pín iṣẹ́ láàrin ara wọn, àti kékeré àti ńlá, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ wà, ìmọ̀ wà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí a fi ipò rẹ̀ tì sẹ́yìn. Nínú orí kan náà, a ka ọmọbìnrin mẹ́ta mọ́ àwọn ọmọ Hémánì tí bàbá wọn ń darí nínú orin ilé Olúwa.

Àwa ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pẹ̀lú ní ogún tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1761, John Wesley kọ ìlànà méje sílẹ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọrin. Ó ní kí gbogbo ènìyàn kọrin, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí àárẹ̀ tàbí àìlera díẹ̀ dá òun dúró. Ó ní kí á fi agbára kọ ọ́, kí á má ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn. Ṣùgbọ́n ó tún ní kí á kọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ẹnìkan má ṣe kígbe débi tí ohùn rẹ̀ yóò fi yọ lára ti ìjọ. Ó ní kí á bá ìlù orin rìn, kí á má sáré ṣíwájú, kí á má sì fà sẹ́yìn. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ní kí ọkàn wa máa wo Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé gbogbo ìjọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe akọrin nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kan nínú méjèèje tí ó ti béèrè pé ohùn ta ni ó dùn jù.

Ọ̀rọ̀ ìlù orin yìí kò ṣòro fún àwa Èkìtì láti lóye. Bí obìnrin mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, apá wọn kò lè dọ́gba. Ọ̀kan lágbára, ọ̀kan ti rẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ó ń ba iyán jẹ́ kì í ṣe apá tí kò lágbára, bí kò ṣe ọmọrí odó tí kò dúró de èkejì rẹ̀.

Kí ìsìn ìgbàgbọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá, àwọn baba àti ìyá wa ní Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà, ti ń kọrin ní ohùn méjì. Bí àwọn kan bá gba òkè, àwọn mìíràn a gba ìsàlẹ̀, ohùn méjèèjì a sì jọ máa rìn bí ìbejì. Kò sí ẹni tí ó fi sófà kọ́ wọn. Nínú àlámọ̀ tí àwọn obìnrin wa mọ̀, ẹni tí ń dá orin wà, àwọn tí ń gbè é sì wà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń jẹ́ kí ó dá orin, nítorí ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n ègbè, ti gbogbo agbo ni. A rò pé ọgbọ́n yìí lè ràn wá lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lọ.

Sófà tí a sì ń fi yọ àwọn ìyá wa sẹ́yìn nítorí wọn kò lè kà á, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti wá. Obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover ni orúkọ rẹ̀, ni ó ronú ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi kọ́ àwọn ènìyàn lásán ní orin, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1835. Ní 1841, wọ́n yan iṣẹ́ fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, John Curwen, pé kí ó wá ọ̀nà tí a lè fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi ní orin. Ọ̀nà obìnrin yìí ni ó mú, tí ó tún ṣe, tí ó sì di sófà tí ó tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí tí a fi ṣe é ni pé kí ilẹ̀kùn lè ṣí fún ẹni tí kò mọ orin. Ó burú bí a bá sọ kọ́kọ́rọ́ di àgádágodo.

Ohun mìíràn tún wà tí ohùn àgbà ń mú wá. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ṣeé fi ohùn mìíràn pè. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó yí padà lẹ́nu wa. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àwọn bíi Canon J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta fi níyì. Ó fi ohùn ilẹ̀ wa kọrin ìyìn, wọ́n sì gba orin rẹ̀ 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips pẹ̀lú, tí ó darí orin ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì fi hàn pé ó yẹ kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Nínú ìjọ wa lónìí, ta ni ó mọ ohùn ọ̀rọ̀ jù? Àwọn ìyá tí ọ̀fun wọn ti gbẹ ni. Ọ̀dọ́bìnrin lè ní ohùn dídùn kí ó sì pe ọ̀rọ̀ sódì. Bí a bá lé àwọn àgbà, orin lè dùn kí ó má sì ní ìtumọ̀.

Àwa tí a lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ olùkọ́ mọ àṣà kan ní ilé-ìwé àtijọ́. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, àwọn olùkọ́ mìíràn a sọ fún ọmọ tí kò mọ orin pé kí ó kàn máa ya ẹnu. Orin ọjọ́ náà a dùn. Ṣùgbọ́n a ti rí lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n di ìyá ọmọ, tí wọn kò tún la ẹnu kọrin mọ́, àní nínú ilé Ọlọ́run. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni orin náà fi dùn, ìpalára rẹ̀ sì wà fún ọjọ́ ayé ẹni kan.

Kí wá ni kí á ṣe? A kò sọ pé kí á má ṣe yan ohùn rárá. Orin ńlá tí ó ní ẹni tí ń dá a kọ, kí ẹni tí ó ní ẹ̀bùn rẹ̀ dá a, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ètò ìsìn, kí orin kan ó kéré tán wà tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò dìde kọ. Kí á fi àwọn ìyá ṣe olùkọ́ ọ̀rọ̀ orin, kí ó jẹ́ pé ẹnu wọn ni àwọn ọ̀dọ́ yóò ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí ó bá di dandan kí á bá ìyá kan sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ ní ilé rẹ̀, láti ẹnu àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì ti mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fún un kí á tó gba èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí aṣọ ẹgbẹ́ má sì kúrò lára rẹ̀ títí ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò sọ pé ó tó.

Ẹ̀yin ìyá wa pẹ̀lú, ẹ̀tọ́ ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ohùn òun ti gbó, kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó máa tẹ́tí sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí a máa fi ọjọ́ orí gba ohùn orin tí kò bá wa mu. Bí ohùn òkè kò bá ṣeé dé mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò ọ̀rọ̀ yìí kí ìkórè tó dé, ní gbangba, níwájú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Gbogbo wa pátá, bí Olúwa bá dá wa sí, ni ohùn wa yóò gbó. Bí a bá ṣe ń ṣe sí àwọn tí tiwọn ti gbó lónìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó ń wò wá yóò ṣe sí wa. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti ìfẹ́ láti ṣe é. Àmín.