Wúrà Nínú Fóònù, Òjé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ

Ní oṣù October ọdún 2007, òjé gbówó lórí débi pé tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 dọ́là lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù. Ìròyìn ọjà yìí dé Thiaroye-sur-Mer, àdúgbò kan létí òkun ní ẹ̀yìn ìlú Dakar. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan níbẹ̀ ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú láti yọ òjé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń da ìdọ̀tí iṣẹ́ náà sórí iyanrìn. Nígbà tí òjé wá di olówó gọbọi, iyanrìn náà fúnra rẹ̀ di ọjà. Àwọn ará àdúgbò ń wà á, wọ́n ń rù ú wọlé, wọ́n ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ ní àgbàlá, wọ́n sì ń dì í sínú àpò fún àwọn tó ń rà á. Àgbàlá yẹn kan náà ni ọmọ ti ń rákò, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń dáná.

Láti oṣù November ọdún náà títí di March 2008, ọmọ 18 kú ní àdúgbò kan ṣoṣo yẹn. Gìrì ló ń gbé wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Ìgbà tí àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wọn àtàwọn ọmọ ìyá wọn tó kù wò ni àṣírí tú. Òjé ni. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lónìí ni pé bí òjé inú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan bá ti tó máíkírógíráàmù 5, kí wọ́n tètè wá ibi tó ti ń wọlé kàn. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ní Thiaroye, èyí tí tirẹ̀ kéré jù fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 40. Èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù lé ní 600.

Kí ló kan ará Biétry, àdúgbò kan ní Abidjan, nínú ọ̀rọ̀ Dakar? Ó kàn án gan-an. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Abidjan pọ̀, pàápàá àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá sì ń tún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe kò ní ṣàìní àpò pánẹ́ẹ̀lì tó ti kú ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á wá sọ fún un pé wúrà ló kó jọ síbẹ̀ yẹn. Ẹni náà ò purọ́. Wúrà wà nínú pánẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, fàdákà wà níbẹ̀, bàbà sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò ní sọ ni bó ṣe kéré tó. Wúrà inú fóònù kan ò ju nǹkan bíi 0.03 gíráàmù lọ. Ó máa lé ní ọgbọ̀n fóònù kí gíráàmù kan tó pé, ìyẹn bí ẹyọ kan ò bá ṣòfò. Èwo ni kò ní ṣòfò nínú ike, lẹ́yìn ilé ìdáná?

Iṣẹ́ yíyọ wúrà náà, ásíìdì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí ásíìdì bá ń jẹ bàbà, èéfín pupa rúsúrúsú á gbéra, ẹni tó dúró tì í á sì wúkọ́ díẹ̀. Á jáde síta, á gba atẹ́gùn, ara á tù ú, á jẹun, á sùn. Ìwà ìkà èéfín yìí ni pé ó lè tó wákàtí mélòó kan, ó sì lè di ọjọ́ kejì, kí omi tó kún inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó fà á, kí mímí tó dìjà. Ẹni tó bá ń ṣe é ní yàrá tí kò ní fèrèsé tó dáa, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti aládùúgbò ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Òjé ńkọ́? Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́, àwọn tó jáde kí ilẹ̀ Yúróòpù tó fòfin de òjé nínú rẹ̀ ní July 2006, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Bí wọ́n bá gbé pánẹ́ẹ̀lì síná kí ẹsẹ̀ nǹkan lè yọ, èéfín á gbé e, eruku á bà sórí ẹní, sórí abọ́, sọ́wọ́ ọmọ. Ara ọmọ kékeré sì máa ń fa òjé tó gbé mì ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Inú egungun ló ń lọ jókòó sí. Ọpọlọ tó bá bà jẹ́, kò sí oògùn tó ń dá a padà.

Nàìjíríà náà ti jẹ irú ìyà yìí, wúrà gan-an ni wọ́n sì ń wá. Ní 2010, ní Dareta àti Yargalma àtàwọn abúlé míì ní ìpínlẹ̀ Zamfara, inú agbo ilé ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé òjé kún inú òkúta náà. Ọmọ tó lé ní 400 ló bá a lọ. Ní Agbogbloshie ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun wáyà nítorí bàbà nígbà náà, àwọn olùwádìí yẹ ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 2019: àgbàlagbà tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo ti jẹ májèlé dioxin tó tó ìlọ́po 220 ohun tí àjọ elétò oúnjẹ ti Yúróòpù fàyè gbà lójúmọ́.

Àwọn kan á ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ló ń kó sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé-iṣẹ́ Umicore ní Hoboken, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tó tóbi jù láyé nínú yíyọ wúrà lára pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín. Síbẹ̀, ní 2020, òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí débi pé ilé-iṣẹ́ náà ní òun ṣe tán láti ra ilé àwọn tó sún mọ́ òun jù. Ta ló máa ra ilé ará Biétry?

Omi ásíìdì tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́, níbo ni wọ́n ń dà á sí? Gọ́tà ni, gọ́tà Biétry sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà tí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ àti ti ilé ti ń dà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó wà ní Abidjan ní August 2006, nígbà tí wọ́n da májèlé inú ọkọ̀ ojú omi Probo Koala káàkiri ìlú lóru, tí ènìyàn tó lé ní 100,000 sì wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn, kò nílò àlàyé lórí ohun tí à ń dà sílẹ̀ lóru.

Ìmọ̀ràn mi ò pọ̀. Ẹ tú ẹ̀rọ, kò burú. Ẹ ta pánẹ́ẹ̀lì ní odindi, ní kílò, fún àwọn tó ń kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Owó rẹ̀ lè kéré lójú yín, ṣùgbọ́n ó mọ́. Ẹ má gbé àpò náà wọ ibi tí ọmọ ń sùn, ẹ má sì fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ. Bí ọmọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bá ń ní gìrì, tàbí inú ń run ún ṣáá, tó sì ń rù, ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín pamọ́ fún dókítà: ẹ sọ ọ́ kó tó bi yín, kí ẹ sì ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò bóyá òjé wà níbẹ̀.